Kó Mú Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Wá

Wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé Toledo rí. Gbogbo ayé ló ń wọkọ̀ wá wo ìlú wa. Wọ́n á gbójú sókè wo ilé àtijọ́ títí ọrùn á fi máa ro wọ́n, àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, à ń lọ ra búrẹ́dì. Ọ̀rẹ́ mi Sagrario ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa kó tó gun ilé agogo kàtídírà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń wo ilé agogo náà látìgbà tó ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọkùnrin kan ló mú un gùn ún.

Sagrario kì í ṣe ẹni ńlá. Aṣọ tí àwọn fáda ń wọ̀ nídìí pẹpẹ ló ń rán, òun náà ló ń tún ìṣẹ́tí èyí tó bá ti gbó ṣe. Abẹ́rẹ́ kì í wọ́n ní àyà búláòsì rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ ọn, kó kọ́kọ́ gbàdúrà. Nicasio ló fẹ́ ẹ nígbà èwe, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Àwọn méjèèjì ti wà lókèèrè báyìí, wọ́n sì ń pe ìyá wọn bí àwọn ọmọ tèmi náà ṣe ń pè mí, nígbà tí wọ́n bá wà nínú ọkọ̀ tí wọn ò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Nicasio dùbúlẹ̀. Sagrario ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, òun ló ń fi ṣíbí fún un lọ́bẹ̀, ọdún ń gorí ọdún. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kàn ń tẹ̀ sí i. Nígbà tí Ọlọ́run wá mú ọkùnrin náà lọ sinmi, èmi àti rẹ̀ jókòó ti kọfí lẹ́yìn ìsìnkú, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní:

"Obdulia, mo ti fi ṣíbí bọ́ ọkùnrin tó. Èyí tó bá tún ní òun fẹ́ mi, kó mú ọwọ́ ara rẹ̀ wá."

A rẹ́rìn-ín. Ṣé ta ló rò pé ẹnì kan tún máa wá?

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìjọ wa lọ sí Guadalupe lọ kí Ìyá wa Màríà. Sagrario pẹ́ dé ibi bọ́ọ̀sì, torí ó padà lọ wò ó bóyá òun ti pa iná gáàsì, àyè kan ṣoṣo tó sì kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí wọ́n dá sí fún ọkùnrin kan láti Talavera, tó dara pọ̀ mọ́ wa lójú ọ̀nà. Eladio lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ya òdòdó àti ẹyẹ sára àwo amọ̀, iṣẹ́ tí ìlú wọn ń jẹ́ mọ́, ó sì sọ fún Sagrario pé ojú tó ń ṣú ló jẹ́ kóun fẹ̀yìn tì. Kí a tó dé Guadalupe, wọ́n ti pín ọsàn jẹ. Kí a tó padà, Eladio ti mọ orúkọ àwọn ọmọ Sagrario.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Mísà ni fóònù máa ń dún. Sagrario á kọ́kọ́ bọ́ épírọ̀nù kó tó gbé e, bí ẹni pé onítọ̀hún ń rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, Eladio bi í lórí fóònù bóyá yóò fẹ́ òun.

"Èmi kì í ra ẹja lórí fóònù," ni Sagrario dá a lóhùn. "Ẹ wá, ká jọ rìn kiri ìlú yìí. Ọjọ́ àjọ̀dún orúkọ mi, lẹ́yìn tí a bá mu omi, ẹ máa gbọ́ èsì."

Orúkọ tí Màríà kàtídírà wa ń jẹ́ náà ni Sagrario ń jẹ́. Ní àárín oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà, gbogbo ìlú máa ń wọ àgbàlá kàtídírà lọ mu omi inú kànga ibẹ̀, omi Ìyá wa. Ọjọ́ náà ló dá fún Eladio.

Ṣùgbọ́n ó ní èmi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé wọn. Ó ní, "Tí opó bá ń bá ọkùnrin rìn nìkan ní òpópónà yìí, Práxedes á ti ròyìn ẹ̀ dé Madrid kí n tó bọ́ bàtà." Iwájú ilé wa ni Práxedes ń gbé. Ojú fèrèsé ló ti máa ń ka rósárì, kí ojú má baà ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà tí ẹnu ń gbàdúrà. Bí mo ṣe di ẹni tó ń rìnrìn afẹ́ nìyẹn, láìbi orúnkún mi méjèèjì.

Eladio dé pẹ̀lú fìlà koríko àti kóòtù. Kóòtù, nínú oòrùn tó lè dín ẹyin lórí òkúta. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí fìlà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sagrario lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú àpò kóòtù láìyọ. Mo rí i. Mo ní bóyá owó ló wà níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n kọ́ sára ògiri rẹ̀ ni a kọ́kọ́ lọ. Irin ńláńlá ni, wọ́n so rọ̀ lókè bí aṣọ tí wọ́n sá. Eladio ka ohun tí wọ́n kọ sí ibẹ̀: ẹ̀wọ̀n àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n dá nídè láyé àtijọ́.

"Hàà," ni Sagrario wí. "Láti kékeré ni mo ti ń kọjá níbí. Mo rò pé àwọn alágbẹ̀dẹ ló gbàgbé ẹrù wọn ni."

"Ẹni tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀, kí ló tún ń fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ han ayé fún?" ni Eladio béèrè.

"Kí ìyàwó ẹ̀ lè gbà pé kì í ṣe ìgbádùn ló lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí Sagrario pa lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé inú òun náà dùn, nítorí ó ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà.

A jókòó lábẹ́ òjìji, a ní kí wọ́n gbé kọfí wá. Èmi àti Sagrario mu tiwa. Ti Eladio wà níwájú rẹ̀.

"Kò dáa ni?" Sagrario bi í.

"Ó gbóná."

A sọ̀rọ̀ lọ, a sọ̀rọ̀ bọ̀. Kọfí náà kò yẹsẹ̀.

"Ó ṣì gbóná?"

"Ó ti wá tutù jù báyìí."

"Ọlọ́run ò níí jẹ́ kí n rí ọkùnrin tí kọfí ò bá lára mu," ni Sagrario wí, ó sì fa ife náà mu fúnra rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Práxedes yọ, bí ẹni pé atẹ́gùn ló gbé e wá. Ó kí wa, ó wo Eladio láti fìlà dé bàtà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ṣé ọ̀rẹ́ wa ti sọ òfin rẹ̀ fún yín? Ó ní òun ti fi ṣíbí bọ́ ọkùnrin tó. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ òun, kó mú ọwọ́ ara rẹ̀ wá."

"Práxedes, búrẹ́dì tí ẹ fẹ́ lọ rà máa tán o," ni mo sọ fún un.

Sagrario rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo sọ ọ́, ẹ má bínú sí i. Kò sí irọ́ níbẹ̀." Eladio náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ tún wọlé sí i nínú àpò.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ kàtídírà gẹ́gẹ́ bí àlejò, a sanwó, ó dun Sagrario wọnú egungun. Eladio fẹ́ rí àwọn fìlà pupa tó so rọ̀ láti òkè àjà, fìlà àwọn kádínà tí wọ́n sin sí abẹ́ ibẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjọ́ tí fìlà bá jẹrà tó já bọ́, ọjọ́ náà ni ọkàn ẹni tó ni ín wọ ọ̀run. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

"Wọ́n dẹ̀ rán an dáadáa," ni Sagrario wí, ó ń fi ojú iṣẹ́ wò ó. "Ẹni tó rán èyí kò ṣe kádínà yẹn lóore."

Ó tún ní, "Fìlà Nicasio ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mi ò tíì lè gbé e kúrò. Ẹ má rò ó sí nǹkan mìíràn."

"Kí ni ẹ fẹ́ gbé e kúrò fún?" ni Eladio dá a lóhùn. "Ṣé ó ń jẹ oúnjẹ ni?"

Sagrario yíjú sí òpó kan, ó sì wò ó pẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òpó ló ń wò. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la ti padà sílé, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí sí rere. Ṣùgbọ́n a gun ilé agogo. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, ó sì ń yọ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ Sagrario yọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Eladio wà. Kò na ọwọ́. Èmi tó wà lẹ́yìn, èmi tí orúnkún ń ro, ni mo gbá a mú ní búláòsì, abẹ́rẹ́ sì gún mi.

"Ṣé kò ṣe yín?" Eladio béèrè, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri, ọwọ́ nínú àpò.

"Kò ṣe mí," ni Sagrario wí. Ògiri ló dì mú títí a fi dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta a rékọjá odò Tagus lọ sí òkè ọ̀kánkán, níbi tí ènìyàn ti ń rí gbogbo ìlú Toledo lẹ́ẹ̀kan náà, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa á láró wúrà. Mo gbé oúnjẹ dání: àparò tútù tí mo fi ọtí kíkan sè, búrẹ́dì, èso ólífì. Eladio ní ebi kò pa òun. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan láti òkè òkun wá bá wa, wọ́n na fóònù wọn sí i, wọ́n ń fọwọ́ júwe pé kó bá wọn ya fọ́tò. Ọkùnrin náà mi orí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n yà."

Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ya ẹyẹ sára àwo. Sagrario gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, ó yà á fún wọn, ó sì gé orí ọkọ kúrò. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Bí a ṣe ń bọ̀, Eladio lọ síwájú díẹ̀. Sagrario fà mí lápá.

"Obdulia, ojú mi ò fọ́. Kò fọwọ́ kàn mí láti ọjọ́ tó ti dé. Mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò ṣe bí ẹni rí mi. Kò jẹun níwájú mi, kò mu níwájú mi, kò ṣe àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn lóore. Ojú ń tì í láti bá mi rìn ni."

"Ojú ò tì í. Mo rí bó ṣe ń wò ẹ́."

"Wíwò kì í di ènìyàn mú lórí àtẹ̀gùn. Lọ́la, tí a bá mu omi tán, màá sọ fún un pé kó máa lọ."

Mo wo ẹ̀yìn Eladio níwájú wa, kóòtù tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára nítorí òógùn, apá ọ̀tún tí kì í jù bó ṣe ń rìn. Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn, àmọ́ kò dá mi lójú, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu mi ba ilé onílé jẹ́. Nígbà tí mo délé mo tan àbẹ́là. Mo ní, Ìyá, ìwọ lo rí i ní Kánà pé wáìnì ti tán kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Jọ̀ọ́, wo ọ̀rọ̀ àwọn méjì yìí.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Lẹ́yìn Mísà, gbogbo wa rọ́ lọ sí àgbàlá, níbi tí wọ́n to àwọn orù amọ̀ funfun sórí tábìlì, èyí tó ní ìdìmú lókè àti ẹnu tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ń pọnmi sí i, a ń gbé e fún ara wa lọ́wọ́ sí ọwọ́. Orù náà kì í kan ẹnu. A máa ń gbé e sókè ni, kí omi ṣàn sí wa lẹ́nu bí okùn òwú. Ọmọdé tó bá fẹnu kàn án, ìyá rẹ̀ á gbá a létí, torí orù gbogbo ìlú ni, àtolówó àti tálákà.

Ó kàn wá. Sagrario mu, ẹ̀kán kan kò bọ́ sí i láṣọ. Èmi náà mu, mo da díẹ̀ sáyà, torí ibòmíràn ni ojú mi wà. Ni mo bá na orù sí Eladio.

Ó wo orù náà. Ó wo Sagrario. Ó wá yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò.

Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ewé lójú atẹ́gùn. Ó fi òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́, ó gbé orù sókè. Omi ta sí i lójú, ó ta sí i ní kọ́là, ó ta sí bàtà ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún dà á nù. Nígbà tí kò rí i ṣe, ó sọ orù náà wálẹ̀, ó sì fẹnu kàn án, ó mu ún bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ohùn Práxedes: "Ẹ wò ó, ó fẹnu sí i. Àgbàlagbà."

Eladio gbé orù náà mọ́ àyà, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Mo lè sọ pé òùngbẹ ò gbẹ mí," ni ó wí fún Sagrario. "Ó ti sú mi láti máa sọ pé kọfí gbóná. Kì í ṣe ojú ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ní kò níí sàn, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa le sí i. Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ yín mú ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ọwọ́ tí mo ní rèé."

Sagrario wo ọwọ́ náà pẹ́.

"Ti orí àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Tí mo bá na èyí sí yín, àwa méjèèjì la jọ máa yí dé ìsàlẹ̀."

"Fọ́tò ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ yẹn ì bá gbé Toledo mẹ́ta délé."

Mo rí ẹ̀rín tó ń bá ẹnu rẹ̀ jà. Mo rí nǹkan mìíràn náà, ẹ̀yìn tí ọdún Nicasio tẹ̀, bó ṣe mí kanlẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ẹrù rù tó sì mọ ìwọ̀n ẹrù náà dáadáa. Mi ò lè bá a mí èémí yẹn. Ó gba orù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹnu orù náà yí ká, ó sì gbé e sókè.

"Ya ẹnu."

"Ẹ ti sọ pé ẹ ò níí tún tọ́jú ọkùnrin..."

"Ṣé mo ń tọ́jú ẹ ni? Omi ni mo fẹ́ fún ẹ mu. Ya ẹnu, apá ń ro mí."

Ó ya ẹnu. Omi náà sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́, kò yẹ̀. Ọwọ́ tó ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti kékeré kì í tàsé. Gògóńgò ọkùnrin náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó di ojú rẹ̀.

"Sagrario," ni Práxedes wí lẹ́yìn, "àwa náà ń dúró o. Òùngbẹ ń gbẹ wá."

Sagrario kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ mú sùúrù. Ọkọ mi ò tíì mu tán."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí òtútù tó dé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa, aṣọ tí fáda wọ̀ lọ́jọ́ náà sì jẹ́ èyí tí ìyàwó rán. Eladio bọ́ kóòtù. Ìdajì ife ni Sagrario ń bu kọfí sí fún un báyìí, lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì gbóná jù láti ìgbà náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé, mo rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé fìlà koríko wà lórí ìṣó kan, ti Nicasio sì wà lórí èkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O ò gbé e kúrò?" ni mo rọra bi í.

"Kí ni mo fẹ́ gbé e kúrò fún?" ni Sagrario wí, ó ń wá abẹ́rẹ́ láyà búláòsì rẹ̀. "Kò tíì já bọ́."